Alátakò mi mú ààbò, èmi mú iyì ọmọ ènìyàn. Báwo ni value ẹnì kan ṣe ń borí ti ẹnì kejì nínú LD?

AjiyanTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Public Forum, oríṣi ìdíje àríyànjiyàn kan fún akẹ́kọ̀ọ́, ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ kí n tó bọ́ sí oríṣi míì, Lincoln-Douglas (LD). Ní Public Forum, ẹ̀rí la fi ń jà: iye owó, iye ènìyàn, ohun tí òfin tó wà nílẹ̀ ti fà. Ní LD, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan ṣoṣo tí mo gbé ga ju gbogbo nǹkan lọ, ìyẹn value, kí n sì sọ òṣùwọ̀n tí adájọ́ máa fi mọ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn criterion. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti díjú fún mi.

Àwọn àkòrí àtijọ́ ti NSDA, ẹgbẹ́ tó ń yan àkòrí fún ìdíje àríyànjiyàn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ni kóòṣì wa fi ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa báyìí ni ti November sí December 2021: pé ó yẹ kí ìjọba olódodo gbà pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ tí kò ní gbèdéke láti yanṣẹ́ lódì. Èmi ni Aff, ẹni tó fara mọ́ àkòrí; alátakò mi ni Neg, ẹni tó lòdì sí i. Iyì ọmọ ènìyàn ni value mi. Òṣùwọ̀n mi ni ọ̀rọ̀ Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Jámánì, pé a kò gbọ́dọ̀ lo ènìyàn bí irinṣẹ́ lásán. Alátakò mi mú ààbò ará ìlú. Ní cross-ex, àkókò tí a fi ń bi ara wa léèrè, ó bi mí pé, "Ẹni tó ti kú, iyì wo ló kù fún un?" Mo fèsì pé iyì kì í kú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè míì.

Ohun tí adájọ́ kọ sínú ìwé ìdájọ́ rèé: "Value méjèèjì ló dára. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ fún mi, mo bá kúkú wo ẹ̀rí. Ẹ̀rí Neg ló pọ̀ jù."

Báwo lẹ ṣe ń yan value? Bí tèmi àti ti alátakò bá sì dára lójú adájọ́, báwo ni mo ṣe máa gbé tèmi lékè láìjẹ́ pé mo ń sọ pé ààbò kò ṣe pàtàkì? Mi ò fẹ́ dà bí ẹni tí ẹ̀mí ènìyàn kò jọ lójú.

OlohunKan

Ọ̀rẹ́, mú ìwà rere, kó o lọ sinmi. Òun ni mo ń mú lórí gbogbo àkòrí. Ta ló máa dìde níwájú adájọ́ pé òun lòdì sí ìwà rere? Ààbò wà nínú rẹ̀, iyì wà nínú rẹ̀, òmìnira náà wà nínú rẹ̀. Kò sí ibi tí alátakò máa gbà yọ.

IyaAdajo

OlohunKan, o kú ọ̀rọ̀ sísọ, àmọ́ n kò ní jẹ́ kí àbúrò yìí tẹ̀ lé ọ. Mo máa ń dájọ́ LD lópin ọ̀sẹ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ọmọ kan bá ní ìwà rere ni value òun, báírò mi kì í kúrò lójú kan, torí kò sí nǹkan tí mo lè kọ. Alátakò á ní òun náà fara mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn gidi níbi tí wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá tiẹ̀ dárúkọ value. Alátakò kò rí ibi gbà yọ lóòótọ́. Kò kúkú wá a.

AjiyanTuntun, nígbà tí mo ka tìrẹ, ohun tí mo kọ́kọ́ bi ara mi ni pé ta ló rán ọ níṣẹ́ pé kó o lọ wá iyì? Tún àkòrí yẹn kà. "Ìjọba olódodo." Àwọn tó kọ ọ́ ti fi value lé ọ lọ́wọ́: òdodo ni. Ẹni yòówù tó bá wọ yàrá yẹn, ìbáà jẹ́ Aff tàbí Neg, ti gbà pé ohun tó yẹ kí ìjọba olódodo ṣe là ń wádìí. Bó o bá mú òdodo, ọrùn alátakò ni ẹrù máa wà. Òun ló máa ṣàlàyé ìdí tí ààbò fi yẹ kó gba ipò ohun tí àkòrí fúnra rẹ̀ dárúkọ. Ṣùgbọ́n ìwọ gbé iyì wá, òun náà gbé ààbò wá, ẹ jọ fi àkòrí sílẹ̀ lọ. Kí ni adájọ́ fẹ́ fi pín yín?

Kì í ṣe gbogbo àkòrí ló máa ń là á sílẹ̀ báyìí. Àwọn kan á ní "nínú ìjọba tiwa-n-tiwa", bí èyí tó béèrè nígbà kan bóyá ó yẹ kí ìdìbò di dandan. Nídìí irú ìyẹn, mo máa ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ wo ohun tó ń fún ìjọba bẹ́ẹ̀ láṣẹ láti ṣàkóso. Àwọn mìíràn kò ní ju "ó yẹ" lọ. Ibẹ̀ ni ìwà rere ti lè wúlò, bí òṣùwọ̀n tó mú bá tẹ̀ lé e.

Ṣé iyì wá ṣòfò ni? Rárá o. Gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí ipò òṣùwọ̀n. Gbogbo ọmọ LD ló mọ gbólóhùn yẹn lórí, pé òdodo ni fífún oníkálukú ní ohun tó tọ́ sí i. Ọ̀dọ̀ Ulpian, amòfin ilẹ̀ Róòmù, ló ti wá. Wọ́n á kà á bí ẹni ń ka àdúrà, wọ́n á sì kọjá lọ. Kí ló wá tọ́ sí òṣìṣẹ́? Gbólóhùn yẹn kò sọ ọ́. Òṣùwọ̀n ló máa sọ ọ́. Ti Kant á ní ohun tó tọ́ sí i ni pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di irinṣẹ́. Ti Locke (onímọ̀ ọgbọ́n orí ni òun, Mill àti Rawls náà) á ní ara rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ti Mill á ní ká wo èyí tó máa mú àlàáfíà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jù. Ti Rawls á ní ká ṣe òfin bí ẹni tí kò mọ ipò tí òun máa bá ara òun. Ṣọ́ra fún Rawls lórí àkòrí yìí, torí ẹni tí kò mọ ipò rẹ̀ lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì lè jẹ́ aláìsàn tó ń retí nọ́ọ̀sì. Neg á gbà á lọ́wọ́ rẹ kó o tó padà jókòó.

Ibi tí mo fẹ́ kó o dúró pẹ́ sí rèé: "tí kò ní gbèdéke". Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ Aff. Bí òṣùwọ̀n rẹ bá jẹ́ ti Mill, ohun tó o ń sọ ni pé ẹ̀tọ́ yìí dára nítorí èrè tó ń mú wá. Ó dáa. Lọ́jọ́ tí ìyanṣẹ́lódì bá wá fa ìpalára ju èrè lọ ńkọ́? Ìṣirò rẹ fúnra rẹ máa ní kí ẹ̀tọ́ náà dúró ná. Ẹ̀tọ́ tí ìṣirò lè dá dúró ti ní gbèdéke. Ìwọ fúnra rẹ lo fún Neg lóhun tó fẹ́, àpẹẹrẹ kan péré ló sì kù tó máa wá. Ó ti mọ èyí tó máa mú. Ní September 1919, ọlọ́pàá Boston tó ju 1,100 lọ fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ṣọ́ọ̀bù. Calvin Coolidge, gómìnà Massachusetts nígbà náà, kó ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ síta. Neg á tún fa àdéhùn àgbáyé ti 1966 lórí ẹ̀tọ́ ọrọ̀ ajé yọ. Abala kẹjọ rẹ̀ gbà pé ẹ̀tọ́ wà láti yanṣẹ́ lódì, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kí wọ́n lò ó ní ìbámu pẹ̀lú òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Gbèdéke nìyẹn, dúdú lórí funfun.

Kant kò sí nínú wàhálà ìṣirò yẹn, torí kì í ṣe èrè ló ń wọ̀n. Mo fara mọ́ òṣùwọ̀n rẹ. Ohun tó kù ni kó o so ó mọ́ àkòrí. N kò gbọ́ ibi tó o ti sọ bí fífi òfin dí ìyanṣẹ́lódì lọ́wọ́ ṣe ń sọ òṣìṣẹ́ di irinṣẹ́. Sọ ọ́ tààrà: ẹni tí òfin máa fìyà jẹ torí pé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ìfẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń darí ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o wá lọ bá Boston. Ohun tí o ń béèrè fún ni pé kí ìjọba má fìyà jẹ ẹni tó kọ iṣẹ́. O kò sọ pé kí ìjọba káwọ́ gbera. Ó lè jókòó bá wọn dúnàádúrà. Ó lè kó ẹ̀ṣọ́ síta bí Coolidge ṣe kó o. Ẹ̀tọ́ lè wà láìní gbèdéke kí ìlú má sì dàrú, ìyàtọ̀ yìí ló sì yẹ kí adájọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ kó tó gbọ́ orúkọ Boston lẹ́nu Neg.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ìdíje tó ń jẹ́ Lincoln-Douglas yìí, ọ̀dọ̀ Abraham Lincoln àti Stephen Douglas ló ti gba orúkọ. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n pàdé ní Illinois lọ́dún 1858. Ẹni tó ṣí i á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, èkejì á fi wákàtí kan àbọ̀ fèsì, ẹni àkọ́kọ́ á sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kádìí rẹ̀. (Ẹ̀yin tó ń ráhùn pé ìṣẹ́jú mẹ́rin kéré, ẹ ò ríyà.) Ohun tí Douglas gbé lékè ni pé kí àwọn ará agbègbè kọ̀ọ̀kan fúnra wọn dìbò lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, pé òun ò bìkítà èyí tí wọ́n bá mú. Lincoln kò sọ pé ìdìbò kò dára. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá ti gbà pé oko ẹrú burú kò tún lè sọ pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ohun tó burú. Ó fi value Douglas sílẹ̀ láàyè ara rẹ̀, ó wá béèrè ohun tó ń fún un lágbára. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́ nìyẹn. Douglas ló ṣì padà wọ Senate o, kí n má parọ́ fún yín.

AjiyanTuntun

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti yí i padà: òdodo ni value, ti Kant ni òṣùwọ̀n. Àmọ́ ìbéèrè cross-ex yẹn ṣì ń jà rànyìn lọ́kàn mi. Bó bá tún bi mí pé iyì wo ló kù fún ẹni tó ti kú, kí ni kí n sọ? Tí mo bá gbà, ó ti mú mi. Tí mo bá kọ̀, ọ̀rọ̀ mi á dà bí ti ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ.

IyaAdajo

Gbà. Fi ẹnu ara rẹ sọ pé òkú kò lè lo ẹ̀tọ́ kankan. Ìbéèrè yẹn kò léwu títí ìgbà tó o bá gbà pé ohun tó bá ṣáájú ló tún ṣe pàtàkì jù, bẹ́ẹ̀ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èémí ló ṣáájú gbogbo ohun tí a ń ṣe láyé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wà láàyè kó lè máa mí. Bó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ tó. Má fi kún un. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni cross-ex, ọ̀rọ̀ tó o bá sì sọ àsọjù níbẹ̀, òun náà ló máa fi nà ọ́ lẹ́yìn náà.

Nígbà tó bá kan ìwọ láti bi í léèrè ni iṣẹ́ wà. Bi í pé, "Ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ wà lára ará ìlú tí ò ń dáàbò bò?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni. "Bí ààbò bá borí ohun gbogbo, ṣé ìjọba lè fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ dókítà kó lè máa ṣiṣẹ́ láìsinmi?" Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, adájọ́ ti gbọ́ ohun tí ààbò rẹ̀ túmọ̀ sí. Bó bá ní rárá, ó ti gbà pé nǹkan kan wà tó ń dá ààbò lẹ́kun. Má bi í pé kí ni nǹkan náà. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o jókòó, kó o wá fi ẹnu ara rẹ dárúkọ rẹ̀ nínú 1AR, ìyẹn èsì àkọ́kọ́ Aff: ohun tó tọ́ sí ènìyàn ni. Òdodo.

Bó bá sì tún gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti orí ilẹ̀ wá (ó máa gbé e wá, gbogbo Neg ló ń gbé e wá), mọ ìtàn náà jù ú lọ. Ní August 1981, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ PATCO, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ní Amẹ́ríkà, yanṣẹ́ lódì, bẹ́ẹ̀ òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba òṣìṣẹ́ rẹ̀ láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ààrẹ Reagan fún wọn ní wákàtí 48, lẹ́yìn náà ó lé àwọn tó ju 11,000 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Neg á ní torí ààbò ni. Ìwọ bi í ní ohun tí wọ́n ń béèrè fún. Owó wà níbẹ̀, n kò ní kó o fi pamọ́, àmọ́ ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ oníwákàtí 32 náà wà níbẹ̀, torí wọ́n ní iṣẹ́ náà ń wọ àwọn lọ́rùn. Ta lo fẹ́ kó máa wo ojú rédà nígbà tí ọkọ̀ rẹ bá ń balẹ̀, ẹni tó ti sinmi ni àbí ẹni tó ti rẹ̀? Ààbò kan náà tó fi ń gún ọ ti yíjú sí òun fúnra rẹ̀.

OlohunKan

Mo gba ti ìwà rere yẹn fún yín mà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni o.

CircuitNiMoWa

Ẹ jọ̀ọ́, kí n bu omi díẹ̀ sí i. Ohun tí ìyá wa ń sọ dára fún adájọ́ tó jẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ tí wọ́n kàn bẹ̀ wá. Ní ọ̀dọ̀ wa ní national circuit, ìyẹn àwọn ìdíje ńlá tó ń kó ọmọ jọ láti ìpínlẹ̀ púpọ̀, ọ̀pọ̀ kò tiẹ̀ dárúkọ value mọ́. Òṣùwọ̀n nìkan la ń kà, a sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní framework. Ẹlòmíràn á gbé plan wá (ètò kan pàtó tó fẹ́ kí ìjọba ṣe), ẹlòmíràn á gbé kritik wá (àtakò sí èrò tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ alátakò), ọ̀rọ̀ á máa dà bí òjò. Bó o bá lo ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lórí òdodo níbẹ̀, o ti jẹ gbèsè àkókò.

Lọ ka paradigm adájọ́ rẹ, ìyẹn àlàyé bó ṣe ń dájọ́, lórí ìkànnì Tabroom kó o tó wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Èmi máa ń gba value alátakò mi. Ó ní ààbò? Mo ní ó dáa, ààbò ni ká lò. Mo wá fi hàn pé tèmi ló ń dáàbò bo ènìyàn jù. Gbogbo ìṣẹ́jú tó ti lò láti gbèjà ààbò á wá di tèmi.

IyaAdajo

Òótọ́ lo sọ nípa Tabroom, ó sì yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Mo tún fara mọ́ gbígba value alátakò, ọgbọ́n àgbà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún Aff lórí àkòrí yìí. Bó o bá gba ààbò, o ti padà sínú ìṣirò, "tí kò ní gbèdéke" á sì tún dìde sí ọ. Fi í ṣe àfẹ̀yìntì ni: "Kódà bí ẹ bá fi ààbò ṣe òṣùwọ̀n, PATCO fi hàn pé..." Gbólóhùn kan, kó o padà sórí òdodo. Neg ní tirẹ̀ lè gba òdodo láìsí ewu kankan. Bí mo bá jẹ́ Neg, ohun tí mo máa ṣe gan-an nìyẹn: màá gba òdodo, màá ní ohun tó tọ́ sí aláìsàn náà wà nínú rẹ̀, gbogbo ìjà á wá bọ́ sórí òṣùwọ̀n. AjiyanTuntun, múra sílẹ̀ fún ọmọ tó bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Òun ló léwu, kì í ṣe ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ òkú.

Ní ti àkókò, Aff àti Neg jọ ní ìṣẹ́jú 13 kan náà lápapọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pín in kò bá ọ lára mu. Neg á fi ìṣẹ́jú 7 sọ̀rọ̀, ìwọ á fi 4 fèsì nínú 1AR. Tó o bá tún ní kó o ṣàlàyé Kant níbẹ̀, àkókò á ti lọ. Kọ gbólóhùn méjì sílẹ̀ nílé, èyí tó so òdodo mọ́ òṣùwọ̀n tó sì so òṣùwọ̀n mọ́ àkòrí, kó o há a sórí. Kó o tún fi bẹ̀rẹ̀ 2AR, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Aff, torí ìṣẹ́jú 3 péré lo ní níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti ń pinnu.

AjiyanTuntun

Mo ti kọ ọ́ mà. Ẹ bá mi wò ó:

"Òdodo ni value mi, torí àkòrí béèrè ohun tí ìjọba olódodo gbọ́dọ̀ ṣe, òdodo sì ni fífún oníkálukú ní ohun tó tọ́ sí i láéláé. Òṣùwọ̀n mi ni pé kí a má ṣe lo ẹnikẹ́ni bí irinṣẹ́ lásán: òfin tó ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́ torí pé ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́."

IyaAdajo

Yọ "láéláé" kúrò, wọ́n á dì í mú. Gbólóhùn kejì dára, má fọwọ́ kàn án. Neg á bi ọ́ bóyá sójà náà lè yanṣẹ́ lódì. Wá ìdáhùn sí ìyẹn kó tó di Sátidé, kó o kọ ọ́ síbí ká wò ó.